Wọ́n fẹ́ tún gbàgede àdúgbò wa ṣe, kí ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Aláàkàrà (Ìbàdàn):

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ìbéèrè mi gùn díẹ̀. Ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí, ilẹ̀ gbayawu kan wà níwájú dìsípẹ́ńsárì àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Gbàgede, kì í ṣe pápá ìṣeré gidi, kì í ṣe ọjà gidi, ó ṣáà wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Láàárọ̀ àwọn ológì àti aláàkàrà ló ni ín, tó bá di ọ̀sán àwọn bàbá á kó ọpọ́n ayò wọn sábẹ́ igi odán tó wà láàárín, ìrọ̀lẹ́ tó bá dé àwọn ọmọ á to òkúta méjì méjì kalẹ̀ ṣe góòlù, bó bá sì jẹ́ Sátidé tẹ́ǹtì ni, lónìí ìsìnkú, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ìgbéyàwó.

Ìjọba ìbílẹ̀ wa ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n gbé àwòrán wá hàn wá, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á, ó sì dùn ún wò, mi ò ní parọ́. Fáúntéènì wà láàárín, íntálọ́ọ̀kì káàkiri, ère kan (wọn ò tíì sọ ère ta ni), fẹ́ǹsì onírin yípo pẹ̀lú géètì méjì, àti àwọn lẹ́tà ràgàjì tí èèyàn á máa dúró síwájú ẹ̀ ya fọ́tò. Mo wá igi odán wa nínú àwòrán náà títí, mi ò rí i. Aláyò ò sí níbẹ̀, aláàkàrà ò sí níbẹ̀, àmọ́ òyìnbó méjì tí wọ́n fa ajá dání wà níbẹ̀, mi ò mọ àdúgbò tí wọ́n ti wá o.

Wọ́n ní ká wá sọ tẹnu wa nípàdé àwọn lándíọ́ọ̀dù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa nǹkan báyìí, àbí tí wọ́n ti tún tiyín ṣe rí, kí ló yẹ ká béèrè? Mi ò fẹ́ ká kàn lọ pariwo pé a ò gbà, torí ká sòótọ́ ibẹ̀ nílò àtúnṣe, tójò bá rọ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni, iná ò sí lálẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ò sí, ẹ̀yìn dìsípẹ́ńsárì ni gbogbo ayé ń lọ tọ̀ sí.


Ayàwòrán-Ilé (Èkó):

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ ilé yíyà ni mò ń ṣe, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun táwa tá a wà nídìí ẹ̀ ò fẹ́ràn láti máa sọ síta. Àwòrán tí wọ́n gbé wá fún yín yẹn, ọjọ́ ìṣíde ni wọ́n yà á fún. Lọ́jọ́ yẹn alága á wá, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, omi á máa tú sókè, onífọ́tò á ya tiẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ńkọ́, láago méjì ọ̀sán, tóòrùn ń jóni lágbárí, ta ló máa jókòó síbẹ̀? Orí kí ló máa jókòó lé, abẹ́ kí ló máa sá sí? Ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀ tó máa fa omi fáúntéènì yẹn sókè? Ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè nìyẹn tó bá jẹ́ èmi.

Ẹ wo Tinúbú Square l'Ékòó níbí. Ẹfúnróyè Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é, ògbóǹtarìgì oníṣòwò ni, òun ni wọ́n lé kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856 tó lọ di Ìyálóde Ẹ̀gbá l'Ábẹ́òkúta. Fáúntéènì tó wà níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé l'Ékòó ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà tá a gba òmìnira ní 1960. Ibi tó lórúkọ ni, wọ́n sì ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ fi irin yí i ká, kó o fi fáúntéènì sáàárín, èèyàn á kàn máa wò ó kọjá lọ ni, ọjà gidi ń lọ lórí títì tó yí i ká. Obìnrin ọlọ́jà ló lorúkọ ibẹ̀ o, àwọn ọlọ́jà wà níta irin.

Ẹ wá fi wé Freedom Park, tó wà ní Broad Street, kò jìnnà síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, 1872 làwọn òyìnbó kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n kí wọ́n tó wá fi bíríkì tún un kọ́ ní 1885. Awólọ́wọ̀ àti Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ní 1979 wọ́n wó o, ló bá di ààtàn sí àárín Èkó. Arkitẹ́ẹ̀tì kan, Theo Lawson, ló ronú pé ká má ṣe pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́, ká lò ó, wọ́n sì ṣí i ní October 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ló di orí ìtàgé tí wọ́n ń kọrin lórí ẹ̀ báyìí. Ojú ibi táwọn yàrá ẹ̀wọ̀n wà, èèyàn ṣì ń rí i, wọ́n ń patẹ ọjà sí i. Oúnjẹ wà, ọtí wà, orin wà, ìpàtẹ ìwé wà, àwọn ọmọ iléèwé ń wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò ju pé nígbà tí wọ́n ń ya Freedom Park, wọ́n ronú nípa ohun táwọn èèyàn máa wá ṣe níbẹ̀.

Nípa igi odán yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o. Mo tún un sọ, ẹ má gbà. Àwọn bàbá wa ò ṣèèṣì gbin odán sójú ọjà àti sójúde ààfin, torí ìbòòji ni. Íntálọ́ọ̀kì láìsí igi, ààrò lẹ fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ yẹn.


Ìyá Alátẹ:

Ẹ̀yin alákọ̀wé ẹ ti sọ̀rọ̀ àwòrán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tajà náà sọ tiẹ̀. Nílùú tí mo wà, n ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n tún iwájú ọjà wa ṣe bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n ní ká kó kúrò fúngbà díẹ̀, a kó kúrò, nígbà tí wọ́n máa parí ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù oníláàkì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, owó ẹ̀ ju gbogbo ọjà tó wà lórí àtẹ mi lọ, ẹni tó ń ta ata wẹ́wẹ́ kí ló fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù ṣe jàre, àtẹ ni mo fẹ́, ìbòòji, àti ibi tí omi ò ti ní gbé ọjà mi lọ. Ibo la wá lọ? Ẹ̀bá títì náà ni, ọkọ̀ ń fẹ́ ẹ̀ gbá wa lẹ́sẹ̀, àwọn kan náà tó lé wa tún ń wá sọ pé àwa la dí ọ̀nà. Ibi tí wọ́n tún ṣe wá ṣófo kalẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Ọmọ Aláàkàrà, o ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bí ẹ ló ń ṣọ́ Gbàgede yín, àbí o ò mọ̀? Obìnrin tó bá ti dáná láago márùn-ún ìdájí, iná ti wà níbẹ̀, ojú ti wà níbẹ̀, ọmọ tó ń lọ síléèwé lè gbabẹ̀ kọjá láìfòyà. Ẹ lé aláàkàrà tán, ẹ wá lọ gba mẹ́gáàdì mẹ́rin, ẹ ò tíì rí owó wọn san.

Ohun témi máa béèrè rèé. Àtẹ tí wọ́n á fi kọnkéré ṣe ní ìlà kan, tí òrùlé wà lórí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi láàkì sí i. Ẹ̀rọ omi kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tọkùnrin lọ́tọ̀ tobìnrin lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi obìnrin kan sídìí ẹ̀ tí á máa gba owó táṣẹ́rẹ́, tí á máa fọ̀ ọ́, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọba tí ò ní ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Kí àwa náà gbà pé tó bá ti di aago kan báyìí ká palẹ̀ ọjà wa mọ́ fáwọn tó fẹ́ ṣeré, n ò ní tan ara mi, àwa ọlọ́jà tá ò bá fààlà fún wa a máa gba gbogbo ilẹ̀.


Bọ̀dé Brooklyn:

Ìyá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín tó. Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀dọ̀ wa níbí kún un. Ní New York, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Broadway gba àárín Times Square kọjá, mọ́tò ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, èèyàn ò ráyè ẹsẹ̀. Lọ́dún 2009 wọ́n dí i mọ́ mọ́tò láti 42nd Street dé 47th Street. Ohun tó wù mí nínú ẹ̀ ni pé wọn ò kọ́kọ́ fọ́ nǹkan kan, wọn ò da kọnkéré. Wọ́n kàn fi àwọn nǹkan dínà, àga gidi tí wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀ ò tíì dé, ni wọ́n bá lọ ra àga oníkíká olówó pọ́ọ́kú, irú èyí téèyàn ń gbé lọ sétí òkun, wọ́n tò ó sórí títì. Ẹ wá wo èrò! Wọ́n jókòó sáàárín títì bí ẹni jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni wọ́n tó wá ṣe é bí ẹni ṣe ilé, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó parí ẹ̀.

Torí náà ẹ ní kí wọ́n dán tiyín wò ná. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ibí ni àtẹ máa wà, ibí ni bọ́ọ̀lù, ibí ni àwọn bàbá, ẹ gbé tẹ́ǹtì àti bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fóṣù kan, ẹ wo ibi táwọn èèyàn ń rìn gbà. Owó kékeré ni. Tó bá kùnà ẹ kàn pa ìlà rẹ́ ni.

Lórí ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì, Bryant Park wà níbí náà, ẹ̀yìn láíbúrárì ńlá wọn ló wà. Láyé ọjọ́un àwọn tó ń ta oògùn olóró ló gba ibẹ̀, ẹni rere ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ ohun tó fà á? Irin àti igi dídí tó yí i ká ni, ẹni tó wà níta ò rí inú, ẹni tó wà nínú ò rí ọ̀nà sá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n ṣí i padà ní 1992, wọ́n gé àwọn igi dídí yẹn dànù, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà kún un, wọ́n kó àga tí èèyàn lè gbé kiri síbẹ̀. O fẹ́ oòrùn, gbé tìẹ lọ síbi oòrùn. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbé e súnmọ́ra.


Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó:

Bọ̀dé, àga tí èèyàn lè gbé kiri? N'Íbàdàn?? Wọ́n á gbé e kiri lóòótọ́ o, wọ́n á gbé e dé Bódìjà 😂 kó tó di ọjọ́ kẹta, ìwọ náà á bá a níbi òde ìgbéyàwó kan tí wọ́n ń fi rẹ́ǹtì fún èèyàn, wọ́n á ti kọ orúkọ ẹlòmíì sẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa jàre. Fẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ń bú yẹn, ẹ mú un kúrò, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kadà ti sọ ibẹ̀ di gáréèjì. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, alágbàfọ̀ ti sá aṣọ sórí ère. Freedom Park tí arkitẹ́ẹ̀tì ń yìn náà, ṣebí ògiri wà lára ẹ̀, ṣebí wọ́n ń gba owó lẹ́nu géètì? Ẹ ò sọ ìyẹn. Owó tí wọ́n ń gbà yẹn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́.


Ayàwòrán-Ilé (Èkó):

Ẹlẹ́nu, o ò parọ́, ògiri wà níbẹ̀, ògiri ẹ̀wọ̀n náà ni. Ó sì bá ibẹ̀ mu torí ibi téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ ni, o lọ wo eré, o lọ jẹun, owó díẹ̀ ò dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí ń ṣàlàyé kì í ṣe ibi àlọwò, ọ̀nà ni. Àárín ẹ̀ làwọn èèyàn ń là kọjá lọ sí dìsípẹ́ńsárì, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tó o bá fi géètì sí i, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ni ín, tó bá ń bínú lọ́jọ́ kan á tì í pa.

Ọ̀kadà tó o sọ, òótọ́ gbáà ni, mi ò ní jiyàn. Òpó kọnkéré kúkúrú lè dín ìyẹn kù, kó ga dé orúnkún, kí àlàfo àárín wọn gba èèyàn àti kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kó má gba mọ́tò. Ẹ sọ ibì kan di èyí tí wọ́n lè yọ òpó ẹ̀ kúrò, nítorí ọkọ̀ panápaná àti tẹ́ǹtì Sátidé. Ọ̀kadà á ṣì fẹ́ gbabẹ̀ o, ẹ ní láti wá ibi kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó jẹ́ tiwọn. Ẹni tí ò bá níbi tó máa dúró sí, ibi gbogbo ló máa dúró sí.

Ti àga, mo gbà fún ẹ 😂 ẹ yí igi odán yẹn ká pẹ̀lú pẹpẹ bíríkì, kí ó fẹ̀ débi tí ọpọ́n ayò máa jókòó lé e tí èèyàn méjì á sì kọjú síra lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ fún gbòǹgbò, ẹ má ṣe sìmẹ́ńtì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pinpin bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, igi náà á rọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá sọ pé ó ti darúgbó, wọ́n á gé e.


Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ìjíròrò o. Porto-Novo ni mo wà, lórílẹ̀-èdè Benin níbí, Àjàṣẹ́ tiwa. Ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, torí kò jọ ti New York. Ìlú àtijọ́ ni ìlú wa, ojúde kéékèèké pọ̀ nínú ẹ̀ tó jẹ́ tàwọn agboolé, ojúbọ wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ibi ìdalẹ̀nù. Ilé àṣà kan tó ń jẹ́ Ouadada ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ ọnà, wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣe ìjókòó, wọ́n ya àwòrán sára ògiri, ojúbọ wà láàyè ẹ̀, wọn ò gbé e kúrò.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì lójú tèmi ni pé ọ̀dọ̀ agboolé tó ni ojúde ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló mọ ibi tí àwọn eégún ń gbà, ibi tí wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́, ibi táwọn àgbà ń jókòó. Tí wọ́n bá parí ẹ̀, ẹni tó ń dalẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè dà á mọ́, ìyá àgbà kan á bú u láti ojú fèrèsé. Nítorí náà ẹ̀yin ará Gbàgede, ta ló ni Gbàgede yín? Mi ò sọ ẹni tó ní ìwé ẹ̀ o. Ta ni èèyàn máa lọ bá tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀ lọ́la?


Injiníà Gọ́tà:

Gbogbo yín ẹ ti sọ̀rọ̀ àga, ẹ ti sọ̀rọ̀ òpó, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ Ìbàdàn sì la ń sọ! Ìlú tí odò Ògùnpa kún lọ́dún 1980 tó gbé èèyàn àti ilé lọ, tí omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ní August 2011. Ilẹ̀ yín tó jẹ́ erùpẹ̀ báyìí ń mu omi, ẹrọ̀fọ̀ yẹn gan-an ni ibi tí omi ń wọlẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá fi íntálọ́ọ̀kì bò ó tán, tí wọ́n tún da sìmẹ́ńtì sábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí Gbàgede máa ṣàn lọ síbì kan. Ibo ni? Ilé ta ló wà nísàlẹ̀? Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó dé ìpàdé.

Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló yẹ kó wà lábẹ́ íntálọ́ọ̀kì, kí omi lè máa ráyè sẹ́ wọlẹ̀ láàárín ẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fi í sílẹ̀ ní erùpẹ̀, ẹ kàn tẹ́ ẹ dọ́gba, ta ni yóò máa ṣubú lórí íntálọ́ọ̀kì, eékún wọn á tán. Kí gọ́tà yí gbogbo ẹ̀ ká, kó ní ìdérí téèyàn lè ṣí láti kó pàǹtí jáde, kó sì já sí gọ́tà títì, kó má kàn parí sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì.

Iná pẹ̀lú, wọ́n máa sọ pé sólà, ó dáa, ẹ béèrè ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì.


Ọmọ Aláàkàrà (Ìbàdàn):

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Elédùmarè á gbọ́ tiyín náà. Ìyá Alátẹ, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ìyá mi, wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀, wọ́n tún ní kí n bi yín pé irú òrùlé wo ló dáa fún ẹni tó ń din àkàrà, torí èéfín.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ìbéèrè ẹ le. Mo bi bàbá kan lára àwọn aláyò, wọ́n ní àwọn ló ni Gbàgede, mo bi sẹkitírì lándíọ́ọ̀dù, òun náà ní àwọn ni. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Torí náà a ti ní kí ẹnì kan wá látọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹnì kan látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ẹnì kan látọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, kí wọ́n jókòó kí ìpàdé tó pé. Sẹkitírì ò dunnú sí i, àmọ́ ó ti gbà.

Fẹ́ǹsì la ò tíì fẹnu kò lé lórí, ìdajì ò fẹ́, ìdajì ń sọ̀rọ̀ bíi Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó. Ọ̀rọ̀ òpó kúkúrú yẹn lè jẹ́ ká rí ara wa bá sọ̀rọ̀.

Injiníà, mo padà lọ wo àwòrán wọn, mo fi fóònù fẹ̀ ẹ́ lójú dáadáa. Gọ́tà kankan ò sí nínú ẹ̀. Isàlẹ̀ tí ilẹ̀ dà sí, dìsípẹ́ńsárì ni.


Injiníà Gọ́tà:

Yàrá àwọn aláboyún lè wà níwájú nínú dìsípẹ́ńsárì àtijọ́. Lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiyín náà rí bẹ́ẹ̀, kó o ya fọ́tò ibi tí omi máa ń dé lára ògiri tójò bá rọ̀, àmì ẹ̀ máa wà níbẹ̀. Fọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ nípàdé.


Ìyá Alátẹ:

Òrùlé páànù ni kó o sọ fún ìyá ẹ, kó ga dáadáa, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n má gbà fún rọ́bà o, iná epo á yọ́ ọ.